Wọ́n ní AI ló kọ projẹ́ẹ̀tì tí mo fi bírò kọ lábẹ́ igi kajú. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Oníkajú, Ìjùmú

Okun o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti gba oorun lójú mi láti ọjọ́ Ẹtì, mo sì gbà pé nínú gbogbo àwa tá a wà níbí, á ti rí ẹnì kan tí irú rẹ̀ ti dé bá.

Mo wà lọ́dún tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ gíga kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí lórúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe mọ́ ọn, torí náà òru ni mo fi ń kàwé. Projẹ́ẹ̀tì mi dá lórí òwò kajú láàárín àwọn obìnrin Ìjùmú: ta ló ń dá iye tí wọ́n ń rà á, kí ló ń mú kí owó yí padà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò ní ibi tó lè kó tirẹ̀ sí títí ọjà á fi gbé owó lé e. Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Màmá mi ti ń ra kajú látìgbà tí mo wà ní prámárì. Èmi àti àbúrò mi la máa ń sá a sílẹ̀ níwájú ilé, la máa ń fi ẹsẹ̀ yí i lọ́sàn-án, àwa náà la sì máa ń sáré kó o wọlé bí òjò bá ṣú.

Láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún yìí, mo rìn káàkiri oko àti ọjà. Mo dé Ìyámoyè, mo dé Ẹ̀kìnrìn-Àdè, mo dé Ògìdì. Ìwé ìkọ̀wé méjì ni mo fi bírò kọ kún. Ọ̀kan nínú wọn, èèpo iwájú rẹ̀ ti ya, omi kajú sì ti ta sí ojú ewé mẹ́ta níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ kajú mọ̀ pé omi rẹ̀ kì í fọ̀ kúrò. Bó ṣe ń pẹ́ ló ń dúdú sí i. Ìyá àgbàlagbà kan ló ń já kóró kúrò lára èso lọ́jọ́ náà bí mo ṣe ń bi í léèrè. Nígbà tó rí i pé ohun tí òun ń sọ nípa kọ́ńgò kò yé mi dáadáa, ó gba bírò lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ọwọ́ tó tutù yẹn, ó ya kọ́ńgò náà sínú ìwé mi fúnra rẹ̀, ó fi ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ hàn mí bí wọ́n ṣe máa ń fi òòlù gbá ìdí rẹ̀ jáde kó lè gbà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wá ní, "Kọ́ńgò tí wọ́n fi ń rà lọ́wọ́ wa kọ́ ni kọ́ńgò tí wọ́n fi ń tà fún wa."

Mo tú gbólóhùn yẹn sí Gẹ̀ẹ́sì, mo fi sí orí kẹrin.

Lọ́jọ́ Ẹtì, supafáísọ̀ mi fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ti gbé orí kejì àti orí kẹrin sínú ohun èlò kan tó máa ń sọ bóyá ẹ̀rọ ló kọ ìwé. 84% ló wà lókè níbẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ pupa. Wọ́n fi àwọ̀ kun gbogbo gbólóhùn tí wọ́n fura sí, mo sì rí gbólóhùn ìyá yẹn níbẹ̀, wọ́n kùn ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí ọ̀gá kọ sábẹ́ rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: kí n tún un kọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ò ní fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán, kó má di pé mo fi apá kan pamọ́. Ní orí kejì, níbi tí mo ti ń sọ ohun tí àwọn tó kọ̀wé ṣáájú mi rí, mo lo áàpù tó ń tún gírámà ṣe lórí fóònù mi. Á ní kí n yí ọ̀rọ̀ yìí sí tọ̀hún, èmi náà á sì tẹ̀ ẹ́. Mi ò sọ fún un rí pé kó bá mi kọ nǹkan. Ní ti orí kẹrin, ìwé àti bírò ni, lẹ́yìn náà ni mo gbé e lọ taìpù ní Kàbbà. Kò sí áàpù kankan níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n wá ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ di bí ẹni pé èèyàn ló kọ ọ́, kí n gbé iṣẹ́ náà gba ibẹ̀, kí n lè rí nǹkan fi sílẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á. Ṣé kí n wá ẹ̀rọ tó máa bá mi da ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá yẹn rú, kí ẹ̀rọ mìíràn lè gbà pé èmi ni mo kọ ọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ bá mi là á yé ara mi. Kí ni kí n mú lọ síwájú ọ̀gá? Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, mi ò sì fẹ́ kó dà bí ẹni pé mo wá bá a jà.

Ataìpù Kàbbà

Okun, àbúrò. Pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á bá ọ ṣe é.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń taìpù fáwọn èèyàn ní Kàbbà níbí. Láti bí ọdún méjì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé irú fọ́tò tí o sọ yìí wá bá mi, ojú wọn á ti fà ro. Ó dé ìgbà kan, mo ní kí n wádìí nǹkan yìí fúnra mi. Mo ní fáìlì àtijọ́ nínú kọ̀ǹpútà. Mo mú projẹ́ẹ̀tì kan tí mo tẹ̀ lọ́dún 2014 fún ọmọkùnrin kan, lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú iṣu sínú abà. ChatGPT, AI tó ń kọ̀wé tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀, ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2022 ni wọ́n gbé e jáde. Mo gbé ojú ewé mẹ́rin nínú iṣẹ́ yẹn sínú ohun èlò ọ̀fẹ́ kan. Ó ní ẹ̀rọ ló kọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Mo gbé ojú ewé mẹ́rin yẹn kan náà sínú òmíràn, ìyẹn ní èèyàn ni. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún síra wọn.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí o ṣe yẹn, mo ti bá àwọn èèyàn ṣe é rí, owó ni mo sì gbà. Mo ti jáwọ́. Ọmọbìnrin kan gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá lórí epo àti ẹ̀kùrọ́, mo bá a gbé e gba ibẹ̀. Nígbà tó jáde, mo ń ka á bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, mo rí i pé níbi tí ọmọ náà kọ "palm kernel" sí, ẹ̀rọ ti kọ ohun tó túmọ̀ sí àárín àtẹ́lẹwọ́. Ó wà bẹ́ẹ̀ níbi mọ́kànlá. Ọmọ náà ò bá ti fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó máa dá a lẹ́jọ́. Mo dá owó rẹ̀ padà, a jókòó, a tún un tẹ̀ láti orí ìwé tó fọwọ́ kọ.

Ohun kan tí o lè ṣe lónìí nìyí: lọ bá ẹni tó bá ọ taìpù, kí o bi í bóyá fáìlì àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa kì í pa á rẹ́. Ọjọ́ àti aago tí wọ́n ṣí i wà lára rẹ̀. Bí o bá sì ti ń padà wá tún un ṣe, fáìlì kejì àti ẹ̀kẹta á wà níbẹ̀, wọ́n á rí ibi tí o ti pa gbólóhùn rẹ́, tí o tún kọ òmíràn.

Tíṣà Ìyàrà

Ọmọ mi, Okun o. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, ọ̀rọ̀ yìí sì ti kàn mí ní ọ̀nà tí mi ò lè gbàgbé. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ohun èlò yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́.

Bí mo bá sọ pé, "Àgbà kì í wà lọ́jà," tí mo wá dákẹ́, o ti bá mi parí rẹ̀ nínú ọkàn rẹ: "kí orí ọmọ tuntun wọ́." O ò ní láti ronú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí wọ́n fi kọ́ńgò tó yọ ìdí ra kajú," wàá dúró díẹ̀, torí o ò retí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé dà bí ẹni tó ń bá èèyàn parí òwe. Ó ti ka ìwé tó pọ̀ débi pé ó mọ ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Ohun èlò tó ń ṣọ́ ọ náà, àméfò yẹn kan náà ló ń ṣe. Ó ń wo gbólóhùn rẹ, ó ń bi ara rẹ̀ pé, ṣé mo lè méfò ọ̀rọ̀ tó kàn? Bó bá ń méfò rẹ̀ bọ̀ sí i léraléra, á ní èèyàn kọ́ ló kọ ọ́. Perplexity ni wọ́n ń pe òdiwọ̀n yẹn. Ó tún máa ń wò ó bóyá gbólóhùn gígùn àti kúkúrú dà pọ̀, tàbí gbogbo wọn ṣe ọgbọọgba. Nǹkan méjèèjì yìí ni Edward Tian, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Princeton ní Amẹ́ríkà nígbà náà, fi bẹ̀rẹ̀ GPTZero, ọ̀kan nínú irú ohun èlò yìí, ní oṣù kìíní 2023.

Wàá rí i pé kò sí ibì kankan níbẹ̀ tí wọ́n ti ń wo ẹni tó mú bírò lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rọrùn láti méfò tó ni wọ́n ń wò. Ìdí nìyẹn tí irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ fi sọ rí pé ẹ̀rọ ló kọ òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ lọ́dún 1787. Ìwé náà wà níbi gbogbo. Ẹ̀rọ ti kà á títí, ó ti mọ̀ ọ́n lórí bí òwe.

Wá wo irú Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ́ ẹ̀yin ọmọ. "It is important to note that." "In view of the foregoing." "Plays a vital role." Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ọ́ sójú pátákó, tíṣà tèmi ló sì kọ́ mi. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀ máa ń rìn lójú ọ̀nà tí wọ́n ti là sílẹ̀; kì í fẹ́ ya inú igbó kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kọ́. Ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni ohun èlò yìí dúró sí tó ń ṣọ́ ènìyàn. Weixin Liang, James Zou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Stanford yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lọ́dún 2023. Wọ́n mú àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè wọn kọ fún ìdánwò TOEFL, wọ́n gbé e sínú ohun èlò méje. Bí a bá pín in dọ́gba, ó lé ní 61% nínú àwọn àròkọ náà tí wọ́n pè ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Méjìdínlógún níbẹ̀, ohun èlò méjèèje ló fẹnu kò sí i pé ẹ̀rọ ni. Ti àwọn ọmọ ilé ìwé Amẹ́ríkà, ṣàṣà ni wọ́n ṣì mú. Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tí àwọn olùwádìí yẹn ní kí ChatGPT bá wọn fi ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ kún àròkọ 91 yẹn, ẹ̀sùn náà já wálẹ̀ sí nǹkan bí 12%. Ẹni tó jókòó kọ tirẹ̀ ni wọ́n mú. Ìgbà tí ẹ̀rọ dá sí i ni wọ́n wá tú u sílẹ̀.

Àwọn tó ṣe ChatGPT gan-an, OpenAI, gbé irú ohun èlò yìí jáde ní ìparí oṣù kìíní 2023. Wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn pé 26% péré ló ń rí mú nínú ohun tí ẹ̀rọ kọ, ó sì ń fẹ̀sùn kan 9% nínú ohun tí èèyàn kọ. Ní oṣù keje ọdún náà ni wọ́n kó o kúrò nílẹ̀, wọ́n ní kò péye tó. Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà pa èyí tó wà nínú Turnitin, ohun èlò tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ fi ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò, lọ́dún yẹn kan náà, ní oṣù kẹjọ. Wọ́n ṣírò rẹ̀: ìwé 75,000 ni wọ́n gbé gba ibẹ̀ lọ́dún 2022, bó bá fi àṣìṣe mú 1% péré, ìwé 750 nìyẹn.

Ó dáa, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyí.

Lọ́dún tó kọjá, mo ní kí àwọn ọmọ SS2 kọ àròkọ nípa ọjọ́ kan tí wọn ò lè gbàgbé. Ọmọkùnrin kan tó máa ń dákẹ́ kọ nípa alẹ́ tí ọkọ̀ bàbá rẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà oko. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Mo tẹ ìdá kan rẹ̀ sínú fóònù mi, ohun èlò náà ní 91%. Mo dúró níwájú kíláàsì, mo ka iye yẹn sókè, mo ní ká wo ohun tí olè ń ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo lò. Ọmọ náà ò fèsì. Ó kàn ń wo tábìlì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, màmá rẹ̀ wá. Àkàrà ló ń dín. Ó gbé ọ̀rá kan lọ́wọ́, ó tú u sórí tábìlì mi: ìwé ìkọ̀wé kéékèèké mẹ́rin, àti pépà ìròyìn tí epo ti rin gbingbin. Pépà tó fi ń pọ́n àkàrà ni ọmọ náà máa ń ṣà kà lálẹ́. Gbólóhùn tó bá dùn mọ́ ọn, á dà á kọ sínú ìwé kékeré, á wá gbìyànjú láti kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń ṣe é. Mo ṣí ìwé ẹ̀kẹta, mo rí ibi tó ti kọ gbólóhùn kan nípa ìmọ́lẹ̀ mọ́tò lẹ́ẹ̀mẹ́fà, tó ń pa á rẹ́, tó ń tún un kọ, títí tó fi di èyí tí mo kà nínú àròkọ rẹ̀.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ màmá rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà níwájú kíláàsì kan náà, torí níwájú wọn ni mo ti bà á lórúkọ jẹ́. Mo ti yọ ohun èlò yẹn kúrò lórí fóònù mi.

Nítorí náà, ọmọ mi, kó ìwé méjèèjì dání. Má tún un kọ, má fi èèpo tuntun dè é, má fi nǹkan bo àbàwọ́n kajú yẹn. Bẹ ọ̀gá pé kó jọ̀ọ́ kó bi ọ́ ní ìbéèrè lẹ́nu lórí orí kẹrin, ibikíbi tó bá ṣí.

Lẹ́kọ́rà kan, Yàgbà

Mo kí gbogbo yín. Tíṣà, ohun tí ẹ sọ wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ àwa tó ń gba projẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ yìí má baà rò pé ìkà ni ọ̀gá rẹ̀.

Ní sáà tó kọjá, mo ka iṣẹ́ kan tí gbólóhùn "As an AI language model" ṣì wà láàárín orí kẹta. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ò tiẹ̀ ka ohun tó fi sílẹ̀. Òmíràn kó orúkọ ìwé jọ sẹ́yìn, mo wá mẹ́rin nínú wọn títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí ọ̀kankan tí ẹnikẹ́ni kọ rí láyé. Bí iṣẹ́ mẹ́tàlélógójì bá wà lórí tábìlì èèyàn, tí ọjọ́ sì ti súnmọ́, ohun èlò tó fún un ní iye kan láàárín ìṣẹ́jú kan á dà bí olùgbàlà. Mo mọ̀ ọ́n, torí èmi náà lò ó.

Ibi tí mo wá bá Tíṣà mu ni pé iye yẹn kì í ṣe ìdájọ́. Turnitin fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ torí rẹ̀ nìkan fìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwa lẹ́kọ́rà ni kì í ka ìlà yẹn.

Ibi tí mi ò ti bá a mu ni áàpù gírámà. Ọmọ yìí sọ ọ́ bí ẹni pé ohun kékeré ni. Àwọn tòde òní kì í tún "is" sí "are" nìkan mọ́. Wọ́n ń yí gbólóhùn padà látòkèdélẹ̀, AI kan náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Bí o bá tẹ "gbà" ní ìgbà ogójì nínú orí kan, apá tó pọ̀ nínú ohùn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tìrẹ mọ́. Mi ò sọ pé o jalè. Mo ń sọ pé ní orí kejì, ọ̀gá rẹ rí nǹkan tó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un kó tó bi ọ́, kí o sì sọ fún un pé wàá tún orí yẹn kọ láìsí áàpù, bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tilẹ̀ ṣẹ́ níbì kan.

Èmi ní ìbéèrè kan tí mo máa ń bi wọn báyìí dípò iye: ibo ló fún ọ níṣòro jù láti kọ? Ẹni tó kọ ọ́ ò ní ronú rárá. Á ti máa ṣí ìwé kó tó fèsì. Ẹni tí kò kọ ọ́ á máa wo òkè ilé.

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀gbẹ̀

Okun o. Àwọn ẹ̀gbọ́n ti ṣàlàyé débi tó yẹ. Ohun tó ń dùn mí ni pé kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Ní oṣù kẹrin 2024, Paul Graham, olówó Amẹ́ríkà tó ń fi owó ran ilé iṣẹ́ tuntun lọ́wọ́, kọ ọ́ síta pé ẹnì kan kọ lẹ́tà sí òun tó lo "delve", pé ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kóun fura pé ChatGPT ni. Àwọn ọmọ Nàìjíríà dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ lẹ́nu tíṣà àti pásítọ̀ látikékeré ni. Sẹ́kítírì ni mí, lẹ́tà ni mo fi ń jẹun. Látìgbà yẹn ni mo ti ń yẹ ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ dáadáa sílẹ̀ kí wọ́n má baà fura sí mi, ó sì ń bí mi nínú lójoojúmọ́.

Àbúrò, má yí gbólóhùn ìyá yẹn padà. Bó ṣe sọ ọ́ ni kó wà.

Ọmọ Oníkajú, Ìjùmú

Ẹ kú àdúrótì o. Ọjọ́ kẹjọ rèé, mo ti padà wá.

Mo lọ lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ataìpù, wọ́n rí fáìlì náà, mẹ́ta ni, mo kó o sínú fláàṣì. Ọ̀gá ní kí n jókòó. Kí n tó sọ nǹkan kan nípa orí kẹrin, mo sọ ti áàpù gírámà fún wọn bí Lẹ́kọ́rà ṣe wí. Wọ́n wò mí, wọn ò sọ̀rọ̀. Mo wá gbé ìwé méjèèjì sórí tábìlì.

Wọ́n ṣí i síbi tí àwòrán kọ́ńgò wà. Wọ́n fi ìka tọ ìlà tó tẹ̀ yẹn, wọ́n ní kí ni eléyìí. Mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gbá ìdí rẹ̀, àti bí àwọn obìnrin kan ṣe máa ń gbé kọ́ńgò tiwọn lọ sọ́jà láti fi wé e. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí iye tí mo kọ fún Ìyámoyè ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹta kò bá ti Ògìdì mu. Ibẹ̀ gan-an ló fún mi níṣòro jù! Obìnrin méjì ló fún mi ní iye tó yàtọ̀ lọ́jọ́ kan náà, mo sì padà lọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ̀ pé ọ̀kan ń ka iye tí wọ́n san fún un, èkejì ń ka iye tí wọ́n ṣèlérí fún un. Mo ti ń ṣí ìwé kejì kí n tó mọ̀ pé mò ń ṣí i. Wọ́n bá mi kà á débi tí àbàwọ́n wà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní, "Kajú ni èyí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Orí kẹrin dúró bó ṣe wà, pẹ̀lú gbólóhùn ìyá yẹn. Orí kejì ni mo ń tún kọ. Mo ti ṣe ojú ewé méje, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán tó ti tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan wà tó tẹ tirẹ̀ tààrà sórí fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fóònù náà sì bọ́ sómi ní oṣù karùn-ún. 71% ni wọ́n bá a sọ. Kò ní ìwé, kò ní fáìlì àkọ́kọ́, kò ní nǹkan kan tó lè gbé sórí tábìlì. Mo sọ ìbéèrè Lẹ́kọ́rà yẹn fún un, ó sì dáhùn lójú ẹsẹ̀, ó sọ̀rọ̀ fún bí ìdajì wákàtí lórí ibi kan ṣoṣo nínú orí kẹta rẹ̀. Tíṣà, mo ti kọ orúkọ àwọn ará Stanford yẹn àti àwọn iye wọn sẹ́yìn ìwé kejì mi. Ọ̀la, aago mẹ́wàá, àwa méjèèjì la jọ ń lọ.